Àfòmọ́ àti àwọn ewéko tó ń jẹ lára ewéko: ìbéèrè àti ìdáhùn

Àwọn ìbéèrè tí wọ́n máa ń bi mí jù nípa àfòmọ́ àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ nìyí. Èyí tó rọrùn ló ṣíwájú, èyí tó takókó ló kẹ́yìn.

Kí ni àfòmọ́ gan-an?

Ewéko tó ń hù sórí ẹ̀ka igi mìíràn ni, tó sì ń fa omi àti iyọ̀ ilẹ̀ mu láti inú igi yẹn. Ewé tirẹ̀ tutù yọ̀yọ̀, ó sì ń fi oòrùn se oúnjẹ bí àwọn ewéko yòókù, ṣùgbọ́n kò sí ohunkóhun lára rẹ̀ tó kan ilẹ̀. Omi tí igi tó gbà á lálejò bá fà láti ìsàlẹ̀ ló ń bá a pín. Igi yẹn ni n ó máa pè ní onílé.

Èyí tó wọ́pọ̀ jù lórí kòkó, obì àti ọsàn wa ni èyí tí àwọn onímọ̀ ń pè ní Tapinanthus bangwensis, ọmọ ẹbí Loranthaceae. Òun nìkan kọ́. Kárí ayé, ewéko tó ń jẹ lára ewéko tó nǹkan bí oríṣi 4,500, ìyẹn bí ẹyọ kan nínú 100 gbogbo ewéko tó ń tanná. Wọn kì í ṣe ọmọ ìyá kan náà: ìwà yìí ti yọ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ tó ìgbà 12 láàárín àwọn ẹbí tí kò bára wọn tan.

Ṣé gbogbo ohun tó bá hù lórí igi ni àfòmọ́?

Rárá o. Àṣìṣe tí mo ń rí jù nìyí, ó sì ń dùn mí, nítorí àwọn èèyàn á máa fi àdá wó ohun tí kò ṣẹbi lulẹ̀, wọ́n á fi olè gidi sílẹ̀ lókè. Ewé gbàgàdà tó la bí ìwo ẹranko, tó máa ń lẹ̀ mọ́ ara igi ńlá, kì í ṣe olè. Àwọn ewéko olódòdó kéékèèké tó ń fi egbò funfun dìrọ̀ mọ́ èèpo igi náà kì í ṣe olè. Ìjókòó ni wọ́n jókòó. Omi òjò àti ewé jíjẹrà tó dúró sára èèpo ni wọ́n ń jẹ, egbò wọn kò wọnú igi.

Ọ̀dán tó hù sórí ọ̀pẹ náà yàtọ̀. Ẹyẹ ló ju irúgbìn rẹ̀ sáàárín ìdí imọ̀, ibẹ̀ ló ti hù, tó wá rán egbò sọ̀kalẹ̀ yí ọ̀pẹ ká títí ó fi kanlẹ̀. Nígbà tó bá yá, ọ̀dán á bo ọ̀pẹ lórí, á há a mọ́ inú, ọ̀pẹ á sì kú. Ṣùgbọ́n ohun tó pa á ni ìfúnpọ̀ àti àìríoòrùn, ọ̀dán kò fa ohunkóhun mu lára rẹ̀.

Ẹ wo oríkèé ibi tí méjèèjì ti pàdé. Tí ẹ bá lè fi ọwọ́ ṣí i kúrò, àlejò lásán ni. Tí ibẹ̀ bá wú bí orúnkún, tí igi méjì sì wọnú ara wọn tó fi jẹ́ pé àdá nìkan ló lè yà wọ́n, àfòmọ́ nìyẹn.

Ta ló gbé e dé orí igi?

Ẹyẹ ni. Èso àfòmọ́ kéré, ó máa ń pọ́n tó bá gbó, irúgbìn kan ṣoṣo ló sì wà nínú rẹ̀, tí oje kan tó lẹ̀ ju oje ilá lọ yí i ká. Ẹyẹ kan wà, kò tó ọwọ́ ọmọdé, tó máa ń ké tọ́ọ́-tọ́ọ́-tọ́ọ́ láìdúró bí ẹni ń lu irin ní ilé alágbẹ̀dẹ. Òun àti àwọn ẹbí rẹ̀ fẹ́ràn èso yìí púpọ̀. Á gbé e mì, èèpo á dà nínú rẹ̀, á wá pọ irúgbìn padà sẹ́nu. Oje náà kò jẹ́ kí irúgbìn já bọ́, ẹyẹ á sì nu ẹnu rẹ̀ mọ́ ẹ̀ka igi bí ẹni ń nu ọwọ́ tó fi jẹ ọbẹ̀. Àfòmọ́ ti gbìn nìyẹn.

Mo ti jókòó ti igi ọsàn kan ní ẹ̀yìnkùlé wo irúgbìn bẹ́ẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọjọ́. Ó lẹ̀ mọ́ ẹ̀ka tó tó ìka ọwọ́. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀, ọ̀pá tíńtín kan tó tutù yọ lẹ́nu rẹ̀. Ọ̀pá yìí kò nà sókè síbi tí oòrùn wà bí ohun ọ̀gbìn yòókù. Ó ṣẹ́ padà, ó dorí kọ èèpo igi, orí rẹ̀ sì tẹ́ pẹrẹsẹ bí àtẹ́lẹsẹ̀ nígbà tó kan èèpo. Abẹ́ àtẹ́lẹsẹ̀ yẹn ló ti wọlé.

Ẹyẹ mìíràn ló ń bá a gba ìyàwó. Òdòdó rẹ̀ gùn tóóró bí fèrè, ó sì máa ń wà ní pípadé títí àwọn ẹyẹ kéékèèké onígògó-ẹnu tó ń mu oje òdòdó á fi kan án. Bí ẹnu wọ́n bá ti tọ́ ọ, á bẹ́ pàá, á sì da lẹ́búlẹ́bú rẹ̀ sí wọn lórí.

Òwe ní àfòmọ́ kò légbò. Kí ló wá fi ń jẹun?

“Àfòmọ́ kò légbò, gbogbo igi ní í bá tan.” Òtítọ́ ni àwọn àgbà sọ, nítorí egbò tó ń wọ ilẹ̀ ni wọ́n ń wí. Ṣùgbọ́n ó ní ohun tó dípò egbò. Àwọn onímọ̀ ń pè é ní haustorium. Èmi máa ń pè é ní ẹnu àfòmọ́. Ẹran ara rẹ̀ ni, tó la èèpo onílé kọjá, tó sì so mọ́ àwọn ọ̀nà tín-tìn-tín tí omi ń gbà gòkè nínú igi.

Kò ní ẹ̀rọ tó fi ń fa omi náà. Ohun tó ń ṣe ni pé ewé rẹ̀ ń tú omi sáfẹ́fẹ́ ju ewé onílé lọ. Ibi tí omi bá ti ń tán kíákíá ni omi ń wọ́ lọ, nítorí náà àfòmọ́ ló ń rí ìpín tó pọ̀ jù.

Tí àfòmọ́ bá kú tó sì jẹrà kúrò, igi onílé tó ti dàgbà yí ẹnu rẹ̀ ká á ṣẹ́ kù, á ṣí bí òdòdó tí wọ́n gbẹ́ sára pákó. Ẹ wá a lára ẹ̀ka obì gbígbẹ, ẹ ó rí i. Ó lẹ́wà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ojú ọgbẹ́ ni.

Ṣé àfòmọ́ lè pa igi?

Ẹyọ kan tàbí méjì kò lè pa igi tó lágbára. Ẹ̀ka tó gùn lé ni yóò máa jìyà: apá tó wà níwájú ibi tó so mọ́ á máa gbẹ díẹ̀díẹ̀, nítorí omi kò dé ibẹ̀ mọ́. Tí wọ́n bá di púpọ̀ lórí igi kan, èso á dín kù, ẹ̀ka á máa kú lọ́kọ̀ọ̀kan, ọ̀gbẹlẹ̀ kan tó le sì lè parí rẹ̀. Nígbà ọyẹ́ ló hàn jù: onílé ti wọ́wé, àlejò ṣì ń dán lókè.

Kí ló dé tó fi pọ̀ lóko kòkó wa ju ti ayé àwọn bàbá wa lọ?

Ìmọ́lẹ̀ ni. Àfòmọ́ nílò oòrùn, abẹ́ òjìji kò sì bá a lára mu. Àwọn bàbá wa gbin kòkó sábẹ́ igi ńlá: ìrókò, arère, afàrà, ayùnrẹ́. Kì í ṣe pé wọn kò lágbára láti gé wọn. Wọ́n mọ̀ pé ọmọ abẹ́ igbó ni kòkó láti ilẹ̀ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà ti Gúúsù. Nígbà tó yá, a gé igi ńlá tà fún àwọn onípákó, a sì gbin irú kòkó tuntun sí gbangba kó lè tètè so. Orí kòkó wá di ibi tí oòrùn ń jó látàárọ̀ dalẹ́, ẹyẹ tó ń gbé èso àfòmọ́ sì fẹ́ràn irú ibẹ̀.

Ilé-iṣẹ́ ìwádìí kòkó ti orílẹ̀-èdè wa, CRIN, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1964, wà ní Ìdí-Ayùnrẹ́ nítòsí Ìbàdàn. Mo máa ń ronú sí orúkọ ìlú yẹn: ìdí igi òjìji ni wọ́n ti ń wádìí kòkó, nígbà tí àwa ń gé ayùnrẹ́ lóko. Ní Ghana náà, ìwádìí fi hàn pé ibi tí òjìji bá ti ṣí ni àfòmọ́ ti ń pọ̀ lórí kòkó. Àwọn kòkòrò tó ń fa oje kòkó pàápàá fẹ́ràn ibi tó ṣí sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹ jẹ́ ká dá igi padà sínú oko.

Báwo ni mo ṣe lè bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀?

Gígé ni. Ẹ má ṣe já àfòmọ́ nìkan kúrò lórí ẹ̀ka, nítorí ẹnu rẹ̀ wà nínú igi, ó sì lè tún rú jáde. Ẹ̀ka tí àfòmọ́ gùn lé ni kí ẹ gé, kí ẹ sì sún sẹ́yìn díẹ̀ kọjá ibi wíwú náà, sí ọ̀nà ìdí igi. Dòjé onígi gígùn ló dára jù fún èyí tó wà lókè.

Àsìkò ṣe pàtàkì. Ẹ gé e kí èso rẹ̀ tó pọ́n, torí lẹ́yìn tí ẹyẹ bá ti jẹ ẹ́, iṣẹ́ ọdún tó ń bọ̀ lẹ ti bẹ̀rẹ̀ yẹn. Tó bá wà lára ìdí igi gan-an, níbi tí a kò lè gé, ẹ gé e mọ́ ara èèpo kí ẹ sì máa padà wò ó. Kí aládùúgbò oko yín náà ṣe tirẹ̀, nítorí ẹyẹ kò mọ ààlà.

Okùn tó pọ́n rúsúrúsú tó bo ọgbà òdòdó mi ńkọ́?

Oríṣi méjì ló ń jọ ara wọn bẹ́ẹ̀, wọn kò sì bára wọn tan rárá. Cuscuta jẹ́ ẹbí ọ̀dùnkún. Ó rọ̀, ó pọ́n bí okùn tí wọ́n rẹ sínú epo pupa, èso rẹ̀ sì jẹ́ kóróńbótó gbígbẹ tó ní irúgbìn bíi mélòó kan nínú. Cassytha ní tirẹ̀ jẹ́ ẹbí píà, ẹ lè ṣe kàyéfì. Ó yi ju ti ìkíní lọ, àwọ̀ ewé díẹ̀ sábà máa ń wà lára rẹ̀, èso rẹ̀ ní omi, ẹyọ irúgbìn kan ló sì wà nínú rẹ̀. Etí òkun ló ti wọ́pọ̀ jù.

Méjèèjì hù láti inú ilẹ̀. Nígbà tí wọ́n bá ti rí ẹni dìrọ̀ mọ́, ìsàlẹ̀ wọn á gbẹ, wọ́n á sì já kúrò nílẹ̀ pátápátá. Ní 2006, àwọn onímọ̀ ní Amẹ́ríkà fi hàn pé ọmọ Cuscuta tó ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ ń gbọ́ òórùn: ó ń tẹ̀ síbi tí tòmátì wà, ó sì ń yẹra fún wíìtì.

Ẹ gé ẹ̀ka tó dì mọ́ kúrò, kí ẹ sun ún. Ẹ má dà á sí àkìtàn, nítorí ègé kan ṣoṣo tó bá kan ewéko mìíràn lè bẹ̀rẹ̀ ayé tuntun.

Òjò ń rọ̀, àgbàdo mi sì ń rọ bí ẹni pé ọ̀gbẹlẹ̀ ni. Kí ló ṣe é?

Tó bá jẹ́ apá Òkè-Ògùn, Kwara tàbí òkè ọya lẹ ti ń dáko, ẹ wo ìdí àgbàdo náà dáadáa. Tí koríko kan tó ní òdòdó aláwọ̀ pupa fẹ́ẹ́rẹ́ bá ń yọ yí i ká, Striga hermonthica ni. Àjẹ́ ni ìtumọ̀ orúkọ yẹn ní èdè Látìnì, ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ sì gbà pé wọ́n sà sí àwọn ni. Ìdí egbò ni iṣẹ́ rẹ̀ wà: ó ti so mọ́ egbò àgbàdo, ó ń fa omi àti oúnjẹ rẹ̀.

Ohun tó burú níbẹ̀ ni pé kí òdòdó yẹn tó yọ lókè ilẹ̀, ó ti ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú ibi rẹ̀ tán. Ó ń mu oúnjẹ, ó sì tún ń da họ́mónù àgbàdo rú, tí àgbàdo á fi ràn mọ́lẹ̀. Ọkà bàbà, jéró àti ìrẹsì orí òkè kò bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹni tó bá jẹ àgbàdo tó so nínú oko bẹ́ẹ̀ kò ní kó àrùn kankan, ebi nìkan ló ń mú wá.

Báwo ni irúgbìn Striga ṣe mọ̀ pé àgbàdo ti dé?

Ẹ da aáṣáà díẹ̀ sí àtẹ́lẹwọ́ yín. Bí irúgbìn Striga ṣe rí nìyẹn. Ẹyọ kan kò tó ìdá mẹ́ta mìlímítà kan, ewéko kan sì lè so tó ju 50,000 lọ. Oúnjẹ tó wà nínú ohun tó kéré báyìí kò lè gbé e ju ọjọ́ mélòó kan lọ. Tó bá hù níbi tí egbò kò sí nítòsí, ikú ni. Nítorí náà kì í hù títí yóò fi gbọ́ ìpè, ó sì lè dúró sílẹ̀ fún ọdún tó ju 10 lọ.

Ìpè náà ni oje kan tí egbò ń tú sínú ilẹ̀. Ní 1966 ni wọ́n kọ́kọ́ yọ irú rẹ̀ láti inú omi egbò òwú, wọ́n sì sọ ọ́ ní strigol. Fún nǹkan bí 40 ọdún, kò yé ẹnikẹ́ni ìdí tí ewéko fi ń pe ọ̀tá ara rẹ̀. Ní 2005 ni àwọn onímọ̀ ní Japan rí i pé ọ̀rẹ́ ni egbò ń pè: àwọn olú tín-tìn-tín inú ilẹ̀ tó ń bá a wá oúnjẹ, pàápàá fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì. Striga kàn ń dúró lẹ́yìn ilẹ̀kùn gbọ́ ìpè tí kì í ṣe tirẹ̀ ni.

Nínú èyí ni ìdí tí Striga fi ń pọ̀ ní ilẹ̀ tó ti ṣá wà. Bí ebi bá ṣe ń pa egbò tó ló ṣe ń pariwo tó.

Kí ni mo lè ṣe sí Striga lóko?

Ohun kan ṣoṣo kò tó. Ẹ fún ilẹ̀ ní oúnjẹ, ìgbẹ́ ẹran tàbí ajílẹ̀, kí egbò má baà máa pariwo. Ẹ fa Striga tu kó tó so, kí ẹ sì sun ún. Ẹ má gba irúgbìn àgbàdo láti oko tó ní i.

Èyí tó wù mí jù ni ẹ̀tàn. Sóyà, ẹ̀pà àti òwú ń tú oje tó ń pe irúgbìn Striga, ṣùgbọ́n Striga kò lè so mọ́ wọn. Yóò hù, kò ní rí onílé, yóò kú. Ẹ máa fi sóyà àti àgbàdo yí ilẹ̀ náà. Ọgbọ́n kan náà ni wọ́n lò ní Amẹ́ríkà nígbà tí wọ́n rí Striga asiatica ní ìpínlẹ̀ Carolina méjèèjì ní 1956: wọ́n fín gáàsì ethylene sínú ilẹ̀ kí irúgbìn lè hù láìrí ẹni so mọ́. Ní Kenya, àwọn àgbẹ̀ ń gbin ewéko kan tó ń jẹ́ Desmodium sáàárín àgbàdo, egbò rẹ̀ sì ń dí Striga lọ́wọ́.

Irúgbìn tó ń fara dà á náà wà. IITA, ilé-iṣẹ́ ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ tó wà ní Ìbàdàn, àti àwọn alábàáṣiṣẹ́ rẹ̀ ti mú oríṣiríṣi àgbàdo bẹ́ẹ̀ jáde. SAMMAZ 15 àti SAMMAZ 16 wà lára wọn. Ní ti ọkà bàbà, Gebisa Ejeta, onímọ̀ ọmọ Ethiopia, gba World Food Prize, ẹ̀bùn àgbáyé lórí oúnjẹ, ní 2009, iṣẹ́ rẹ̀ lórí ọkà bàbà tí Striga kò rí gbé ṣe sì wà lára ohun tó gbé e débẹ̀.

Ṣé kí n kúkú fi ẹ̀wà dípò àgbàdo?

Ẹ kíyè sára. Ẹ̀wà náà lè tan Striga àgbàdo jẹ, ṣùgbọ́n ó ní ọ̀tá tirẹ̀, Striga gesnerioides. Irú ẹ̀wà kan láti Botswana tí wọ́n ń pè ní B301 ni wọ́n rí i pé ó ń kojú rẹ̀ dáadáa, láti ara rẹ̀ ni wọ́n sì ti fa ìran ẹ̀wà mìíràn yọ. Ẹ bèèrè irú ẹ̀wà tó ń kojú Striga kí ẹ tó gbìn.

Kí ni ohun pupa tó ń yọ nílẹ̀ nínú igbó, tí kò ní ewé?

Adé-ilẹ̀ ni, Thonningia sanguinea. Òdòdó rẹ̀ nìkan ló ń yọ, ó pupa bí ẹ̀jẹ̀, ó le, àwọn ìpẹ́ rẹ̀ sì to lé ara wọn yípo bí adé lóòótọ́. Kò ní àwọ̀ ewé kankan, kò sì lè fi oòrùn se ohunkóhun. Ara egbò igi lábẹ́ ilẹ̀ ni gbogbo oúnjẹ rẹ̀ ti ń wá, ó sì máa ń jẹ lára rọ́bà àti kòkó náà. Igbó tó ṣì pé ló fẹ́ràn. Tí ẹ bá rí i, ẹ dákun ẹ fi sílẹ̀.

Ṣé àfòmọ́ tiwa náà ni àwọn òyìnbó ń so sẹ́nu ọ̀nà nígbà Kérésìmesì?

Rárá. Viscum album ni tiwọn, èso rẹ̀ funfun. Èyí tó wà lórí obì àti kòkó wa jẹ́ ẹbí Loranthaceae. Ìbátan tó jìnnà ni wọ́n. Ó ká mi lára pé nínú ọ̀pọ̀ ìwádìí tí a ṣe nílé, orúkọ Viscum album ni wọ́n kọ sí ara àfòmọ́ wa. Bẹ́ẹ̀ oró tó wà nínú ọ̀kan lè má sí nínú èkejì. Ẹ má ṣe ka ohun tí wọ́n kọ nípa ti Yúróòpù, kí ẹ wá lọ já ti ẹ̀yìnkùlé sè.

Àwọn oníṣègùn máa ń ní àfòmọ́ orí igi báyìí-báyìí ni kí a wá. Ṣé ìyàtọ̀ kankan wà níbẹ̀?

Ìyàtọ̀ wà, ojú ńlá sì ni àwọn àgbà fi rí i. Lákọ̀ọ́kọ́, oríṣi àfòmọ́ pọ̀, èyí tó wà lórí obì sì lè má jẹ́ ọmọ ìyá èyí tó wà lórí ìyeyè. Èkejì, omi onílé kì í gòkè lásán. Wọ́n ti rí i ní Íńdíà pé àfòmọ́ tó hù sórí igi olóró kan, Nerium, ń gba oró inú igi yẹn sínú ewé tirẹ̀, oró tó ń dà ọkàn láàmú. Igi onílé ń di apá kan àfòmọ́.

Nítorí náà, ẹni tó bá já àfòmọ́ láì mọ orí igi tó wà kò mọ ohun tó já. Ẹ̀yin tó ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tàbí ti ìtọ̀ ṣúgà, mo bẹ̀ yín, ẹ má fi àgbo rẹ̀ kún un láìsọ fún dókítà yín.

Ṣé kí a pa gbogbo àfòmọ́ run?

Kí a gé e kúrò lórí kòkó àti ọsàn, bẹ́ẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n nínú igbó, ẹ fi sílẹ̀. Òdòdó àti èso rẹ̀ ń bọ́ ẹyẹ, ewé rẹ̀ tó ń wọ́ sì ń fún ilẹ̀ abẹ́ igi lóúnjẹ, torí ó kún fún iyọ̀ ilẹ̀ tó ti kó jọ.

Ṣé àfòmọ́ lè hù nílẹ̀? Ṣé àfòmọ́ lè hù lórí àfòmọ́?

Tiwa kò lè hù nílẹ̀. Ṣùgbọ́n ìbátan rẹ̀ kan wà ní Ìwọ̀-Oòrùn Australia, Nuytsia floribunda, igi gidi tó dúró lórí ilẹ̀, tó ń tan òdòdó bí iná, tó sì ń jẹ egbò àwọn aládùúgbò rẹ̀ lábẹ́lẹ̀. Ẹnu rẹ̀ mú tó bẹ́ẹ̀ tí wọ́n ti bá a níbi tó ti so mọ́ wáyà tí wọ́n rì mọ́lẹ̀, tó sì ti gé e, torí ó rò pé egbò ni.

Àfòmọ́ lórí àfòmọ́ sì wà dájúdájú. Ní Áfíríkà, Viscum loranthicola kì í wá igi onílé rárá: orí àwọn ẹbí Loranthaceae ló ń gbé. Tí ẹ bá rí i, oríṣi ewé mẹ́ta lẹ ó rí lórí ẹ̀ka kan ṣoṣo, ti igi, ti àfòmọ́, àti ti èyí tó fò mọ́ àfòmọ́. Egbò igi ìsàlẹ̀ nìkan ló ń bu omi fún gbogbo wọn.